Ilé ìtẹ̀wé ní 300 dpi, ẹni tó ń ṣe wẹ́ẹ̀bù ní 72: kí ni kí n ṣe sí àwọn fọ́tò yìí?

Akọ̀wé_Ẹgbẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀mọ̀ràn ibí yìí. Èmi ni wọ́n ní kí n kó fọ́tò jọ fún ìwé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa. A4 ni ìwé náà. Fọ́tò kan máa kún iwájú rẹ̀, àwọn kéékèèké máa wà nínú, ọ̀kan máa lọ sórí bánà tó fẹ̀ ní mítà 2, gbogbo wọn á sì tún lọ sórí wẹ́ẹ̀bù ẹgbẹ́. Mo fi wọ́n ránṣẹ́ sílé ìtẹ̀wé, wọ́n dá wọn padà pé: "72 dpi ni ìwọ̀nyí, 300 dpi la fẹ́." Ẹni tó ń bá wa ṣe wẹ́ẹ̀bù náà ní kí n má fi 300 ránṣẹ́ sí òun rárá, 72 lòun ń fẹ́, kí ojú-ìwé má baà wúwo.

Mo ṣí ọ̀kan, mo pa 72 rẹ́, mo kọ 300 síbẹ̀. Kò sí ohun tí mo rí pé ó yí padà.

Ohun tó wà lọ́wọ́ mi nìyí: fọ́tò fóònù ló pọ̀ jù, 4032 × 3024 ni wọ́n. Èyí tí alága fẹ́ràn jù fún iwájú ìwé, ẹnìkan ló fi ránṣẹ́ sí mi lórí ààpù ìfiránṣẹ́, 1600 × 1200 ni ìyẹn. Fọ́tò bébà àtijọ́ kan tún wà, ti àwọn olùdásílẹ̀, kò ju sẹ̀ǹtímítà 9 sí 13 lọ. Ẹ gbà mí o, àárín àwọn méjì yìí ti fún mi pa.

OjúLẹ́ǹsì

Ẹ kú làálàá. Ẹ gbé 72 àti 300 sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná.

Ohun tó wà nínú fáìlì yín ni píksẹ́lì, àwọn ẹyọ àwọ̀ kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán: 4032 lápá kan, 3024 lápá kejì, mílíọ̀nù 12 àti díẹ̀ lápapọ̀. Gbogbo ohun tí kámẹ́rà rí kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nọ́ńbà dpi (iye tótó nínú ínṣì kan) tí ẹ rí níbẹ̀ jẹ́ àkọsílẹ̀ lásán tó wà lórí fáìlì. Ohun tó ń sọ kò ju pé "bí wọn ò bá sọ fún ọ bó ṣe máa tóbi tó, báyìí ni kó o tẹ̀ ẹ́." Ẹ kọ 72 síbẹ̀, ẹ kọ 300, ẹ kọ 5,000, píksẹ́lì ò dín, kò sì lé. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi rí i pé kò sí ohun tó yí padà.

Ìṣirò tó ń ṣiṣẹ́ kò le: ẹ fi iye ínṣì tó máa gbà lórí bébà pín iye píksẹ́lì. A4 jẹ́ mílímítà 210 sí 297, ìyẹn ínṣì 8.27 sí 11.69. Bí fọ́tò fóònù yín bá wà lóòró, 4032 ÷ 11.69 jẹ́ píksẹ́lì 345 nínú ínṣì kan. Ó ti kọjá 300 kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Kò sídìí tó fi yẹ kí wọ́n dá a padà.

Ti alága ni ẹjọ́ wà lórí rẹ̀. 1600 ÷ 11.69, ó di 137. Ìyẹn ò tó ìdajì ohun tí ilé ìtẹ̀wé ń béèrè, kò sì sí nọ́ńbà tí ẹ lè kọ sórí fáìlì tó máa tún un ṣe.

Atẹ̀wé_Àgbà

OjúLẹ́ǹsì, ìṣirò rẹ pé. Àmọ́ má jẹ́ kí wọ́n rò pé ńṣe ni àwa tí a wà nídìí ẹ̀rọ kàn ń ké 300 bí ayékòótọ́. Ó ní ìpìlẹ̀.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá kì í gbé àwọ̀ jáde bí ojú fóònù ṣe ń gbé e. Tótó yíǹkì ló fi ń tò ó, tótó ńlá níbi tó dúdú, tótó kékeré níbi tó mọ́lẹ̀, wọ́n á tò ní ìlà-ìlà. Lórí bébà dídán, ìlà 150 nínú ínṣì kan ló wọ́pọ̀. Ó ti pẹ́ tí àwa atẹ̀wé ti fẹnu kò pé kí píksẹ́lì àwòrán jẹ́ ìlọ́po méjì iye ìlà yẹn, kí ẹ̀rọ lè rí nǹkan mú ṣiṣẹ́. 150 lọ́nà méjì, 300. Ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ tí bébà rẹ̀ máa ń fa yíǹkì mu, ìlà 85 sí 100 ni wọ́n ń lò níbẹ̀, nítorí náà 170 sí 200 ti tó fún un. Ẹni tó bá fi 600 ránṣẹ́ sí mi fún ìwé ìròyìn kàn ń fi fáìlì dí mi lọ́wọ́ ni.

Ní ti ìdápadà, ohun tí mo fura sí ni pé ẹni tó gba fáìlì wo àkọsílẹ̀ orí rẹ̀ nìkan, ó rí 72, ó bá kọ̀wé. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Nínú InDesign, ètò tí a fi ń to ojú ìwé, nọ́ńbà méjì ló máa ń hàn (PPI ni iye píksẹ́lì nínú ínṣì kan): Actual PPI, ohun tí wọ́n kọ sórí fáìlì, àti Effective PPI, ohun tó kù lẹ́yìn tí a bá ti na àwòrán tàbí sún un kì dé ìwọ̀n tó máa gbà lójú ìwé. Akọ̀wé, ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n gbé e sójú ìwé, kí wọ́n wo Effective. Ẹ̀ẹ̀kan tí ẹ bá ti pè é bẹ́ẹ̀, wọ́n á mọ̀ pé ẹ mọ ohun tí ẹ ń sọ.

Ẹ tún ṣọ́ra: fún iwájú ìwé tí àwòrán kún dé etí, A4 gan-an ò tó. Ẹ fi mílímítà 3 kún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀bẹ máa gé e dànù, ṣùgbọ́n bí kò bá sí níbẹ̀, ìlà funfun máa yọ létí ìwé. Ó di 216 sí 303. Ní 300 ppi, píksẹ́lì 2551 sí 3579 nìyẹn.

Ọmọ_Àwòrán

Ẹ̀yin àgbà, ẹ forí jì mí, mo fẹ́ dá sí i. Ẹ ní kò sí ohun tó ń yí padà béèyàn bá kọ 300. Àmọ́ nígbà tí mo dán an wò nínú Photoshop láìpẹ́ yìí, fáìlì mi wú, ó wúwo débi pé kọ̀ǹpútà fẹ́ dákú. Báwo ló ṣe jẹ́?

OjúLẹ́ǹsì

Àpótí kékeré kan ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yẹn, Resample lórúkọ rẹ̀, nínú Image Size. Bí wọ́n bá ti maàkì í, ètò náà máa rò pé o fẹ́ kí ìwọ̀n orí bébà dúró bó ṣe wà, kí píksẹ́lì sì pọ̀ sí i. Ẹ wò ó: 4032 ní 72 jẹ́ ínṣì 56. Nígbà tó o kọ 300, ó di ínṣì 56 náà ní 300, ìyẹn 16,800 × 12,600. Mílíọ̀nù 211 píksẹ́lì, nígbà tí kámẹ́rà rí mílíọ̀nù 12 péré. Ìyókù, ètò náà ló fojú díwọ̀n wọn láti ara àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ó máa tóbi, kò ní hàn kedere jù bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ.

Yọ maàkì kúrò lórí Resample kó o tó kọ 300. Nọ́ńbà orí fáìlì nìkan ló máa yí. Ní GIMP, ètò àwòrán mìíràn, wọ́n ti ya méjèèjì sọ́tọ̀ fún ẹ: Print Size fún àkọsílẹ̀ lásán, Scale Image fún píksẹ́lì gan-an. Mo fẹ́ràn bí GIMP ṣe ṣe é jù, kò fi ohun méjì tí kò jọra sábẹ́ bọ́tìnì kan.

Ahunwẹ́ẹ̀bù

Ẹ jẹ́ kí n bá ẹni tó ń ṣe wẹ́ẹ̀bù yín sọ̀rọ̀ díẹ̀ látòkèèrè. Ohun tó ń bẹ̀rù kò burú. Fọ́tò mẹ́gábáìtì 5 máa dá ojú-ìwé dúró, ó sì máa jẹ dátà àwọn tó ń wò ó. Ṣùgbọ́n 72 kò mọ nǹkan kan nípa ìyẹn. Ẹ mú fọ́tò kan, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ méjì, kí píksẹ́lì wọn dọ́gba, ẹ kọ 72 sórí ọ̀kan, 300 sórí èkejì. Ẹ gbé wọn sójú-ìwé kan náà. Bákan náà ni wọ́n máa tóbi tó, bákan náà ni wọ́n máa wúwo tó.

72 yẹn ti dàgbà. Nígbà tí Apple gbé Macintosh àkọ́kọ́ jáde ní 1984, píksẹ́lì 72 ló wà nínú ínṣì kan lójú rẹ̀, kí ó lè bá pọ́ìńtì àwọn atẹ̀wé mu, ìyẹn ìdá kan nínú ìdá 72 ínṣì, kí ohun téèyàn rí lójú ẹ̀rọ lè dọ́gba pẹ̀lú ti orí bébà. Windows mú 96 ní tirẹ̀. Fóònù tó wà lápò yín báyìí lè ju 400 lọ. Síbẹ̀ àwọn èèyàn ṣì ń sọ 72 kiri.

Ìbú fọ́tò ní píksẹ́lì ló yẹ kó béèrè lọ́wọ́ yín. Bí àyè tí fọ́tò máa wà lójú-ìwé bá fẹ̀ ní 800, ẹ fi 1600 ránṣẹ́. Ìdí ni pé lójú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ òde òní, ohun tí wẹ́ẹ̀bù kà sí ẹyọ kan máa ń gba píksẹ́lì gidi 2, tàbí 3 pàápàá, ní ìbú àti ní òró. Èyí tó máa gba ojú kọ̀ǹpútà láti etí dé etí, 1920 sí 2400 ti tó. Ẹ wá fi JPEG, irú fáìlì tó ń fún fọ́tò pọ̀, pa á mọ́, ìdára 75 sí 80. Ewé igi, irun orí àti koríko máa ń mú kí fáìlì wúwo, ògiri àti ojú ọ̀run kì í ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ má retí pé kí fọ́tò méjì tí píksẹ́lì wọn dọ́gba wọ̀n bákan náà. WebP, irú fáìlì mìíràn tí Google gbé jáde ní 2010, sábà máa ń fúyẹ́ ju JPEG lọ ní ìdára kan náà.

Bí ẹni yín bá mọ̀ ọ́n ṣe, kó lo srcset: kó ṣe ẹ̀dà fọ́tò kan ní ìbú 480, 800 àti 1600, kí fóònù kékeré lè mú èyí tó bá a mu. Kó sì kọ width àti height sínú kóòdù, kí ọ̀rọ̀ má máa fò sókè sódò lójú òǹkàwé nígbà tí àwòrán bá ń wọlé. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló máa ń bí mi nínú jù lórí fóònù. O fẹ́ tẹ nǹkan kan, ó ti sá kúrò lábẹ́ ìka rẹ.

Akọ̀wé_Ẹgbẹ́

Ẹ ṣé gan-an. Ó ti ń yé mi. Mo sọ Effective PPI fún ilé ìtẹ̀wé bí bàbá ṣe ní kí n sọ, wọ́n ní àwọn fọ́tò inú ìwé ti dára, kò sí wàhálà mọ́.

Bánà wá ńkọ́? Mítà 2 sí mítà 1. Bí mo bá fi ìṣirò yín ṣe é ní 300, mo nílò píksẹ́lì tó ju 23,000 lọ ní ìbú. Kámẹ́rà wo ló ń ya ìyẹn?

Atẹ̀wé_Àgbà

Kò sẹ́ni tó máa béèrè 300 lọ́wọ́ yín fún bánà, àyàfi ẹni tí kò tẹ bánà rí.

Ibi tí ẹni tó ń wò ó bá dúró sí ló máa pinnu. Wọ́n ti gbà pé ojú tó mọ́ lè ya nǹkan méjì sọ́tọ̀ bí àlàfo àárín wọn bá tó ìdá kan nínú ọgọ́ta ìdá dígírì kan. Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú pẹ̀lú jiọ́mẹ́tìrì. Ẹ fi iye sẹ̀ǹtímítà tó wà láàárín ojú àti àwòrán pín 8,700. Ohun tó bá jáde ni ppi tí ojú lè dá mọ̀, ohun tó bá kọjá rẹ̀ kò ní hàn sí i. Ìwé téèyàn mú lọ́wọ́ ní sẹ̀ǹtímítà 30: 290. Ẹ rí i pé kò jìnnà sí 300. Mítà 1: 87. Mítà 3: 29.

Bánà mítà 2 jẹ́ ínṣì 78.7. Fọ́tò yín tó ní 4032 máa fún yín ní 51. Ẹni tó dúró ní mítà 2 kò lè rí ju 44 lọ. Ó tó, ó sì ṣẹ́ kù. Bí àwọn èèyàn bá máa dúró tì í ya fọ́tò, tí wọ́n á sún mọ́ ọn gan-an, wọ́n á rí i pé ó rọ̀ díẹ̀ lójú. Kì í ṣe nǹkan bàbàrà.

Ohun tó máa ń ba bánà jẹ́ gan-an ni lẹ́tà àti àmì ẹgbẹ́. Ojú máa ń dárí ji ojú èèyàn tó rọ̀, kì í dárí ji lẹ́tà tí etí rẹ̀ rí wúruwùru. Ẹ má gbé àmì ẹgbẹ́ látorí wẹ́ẹ̀bù wá fi sórí bánà. Ẹ lọ wá ojúlówó rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó yà á, SVG tàbí PDF tí a fi ìlà yà, tí kì í ṣe píksẹ́lì. Ìyẹn lè tóbi débi tó bá wù yín, etí rẹ̀ á ṣì mú.

Ọmọ_Àwòrán

Ti alága ńkọ́, èyí tó jẹ́ 137? Ṣé ẹ ò rí àwọn ètò AI tó ń sọ fọ́tò kékeré di ńlá? Mo ti rí iṣẹ́ wọn, ó mú bí abẹ. Kí wọ́n kàn jù ú síbẹ̀, ó parí.

OjúLẹ́ǹsì

Mo ń lò wọ́n fún òkè, igi, ilé. Fún ojú èèyàn, rárá. Ohun tí ètò yẹn ń ṣe ni pé ó ti rí ọ̀kẹ́ àìmọye ojú, ó wá ń kọ ohun tó ṣeé ṣe kó wà níbẹ̀ sórí ohun tí kò rí. Nínú fọ́tò ẹgbẹ́ tí orí kọ̀ọ̀kan kò ju píksẹ́lì 60 lọ, ó máa fún èèyàn ní ojú tó mọ́ kedere tí kì í ṣe tirẹ̀. Alága á gba ìwé, ìyàwó rẹ̀ á béèrè pé ta nìyí.

Ọmọ_Àwòrán

Ẹ̀gbọ́n, ó ti ń dára sí i lójoojúmọ́ o. Àti pé bí wọ́n bá fẹ̀ ẹ́ ní ìlọ́po méjì péré, kì í ṣe ìlọ́po mẹ́jọ, mo rò pé kò ní bà jẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

OjúLẹ́ǹsì

Ìlọ́po méjì, mo lè gbà fún ẹ, bí orí bá tóbi nínú fọ́tò. Ṣùgbọ́n kí ló dé tá a fi ń ṣe àgbélẹ̀rọ nígbà tó ṣeé ṣe kí ojúlówó ṣì wà níbì kan? Akọ̀wé, 1600 × 1200 tẹ́ ẹ ní yẹn kì í ṣe ìwọ̀n tí kámẹ́rà fóònù òde òní máa ń yà. Ààpù ìfiránṣẹ́ ló dín in kù lójú ọ̀nà, ó sì fún un pọ̀ pẹ̀lú. Nínú píksẹ́lì 6 tí kámẹ́rà rí, ẹyọ kan péré ló kù lọ́wọ́ yín. Ẹ padà sọ́dọ̀ ẹni tó yà á, ẹ ní kó má fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò, kó fi ránṣẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ńtì, tàbí kó fi í-meèlì ṣe é, tàbí kó gbé e sórí àpò ìfipamọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì kó fún yín ní líǹkì. Bó bá dé, ẹ wo nọ́ńbà rẹ̀ kí ẹ tó dúpẹ́.

Atẹ̀wé_Àgbà

Kó má sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú Word. Mo ń gba èyí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: fọ́tò mẹ́wàá nínú dọ́kúmẹ́ńtì kan ṣoṣo, a ò mọ èyí tí Word ti dín kù nígbà tí wọ́n ń pa á mọ́. Bí ẹ bá ti gba irú ẹ̀ tí ẹ ò rí ẹni bi, ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì náà, ẹ yí .docx ìdí orúkọ rẹ̀ sí .zip, ẹ ṣí i, àwọn àwòrán wà nínú fódà media. Ó kéré tán, ohun tẹ́ ẹ máa bá níbẹ̀ sàn ju kéèyàn máa ya fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà lọ.

Ìyá_Àkójọ

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ ti gbàgbé fọ́tò àwọn olùdásílẹ̀, òun sì ni kò ṣeé yà mọ́.

Akọ̀wé, má fi fóònù ya fọ́tò bébà. Iná á tàn lórí rẹ̀, etí rẹ̀ á tẹ̀. Wá sikánà tó ní gíláàsì pẹrẹsẹ, fi aṣọ rírọ̀ nu gíláàsì náà. Nọ́ńbà tó o máa fi sikáànì í wà lọ́wọ́ bó ṣe máa tóbi tó: bí o bá máa tẹ̀ ẹ́ ní ìwọ̀n tó wà, 300. Bí o bá máa sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, 600. Ti ìwọ, sẹ̀ǹtímítà 9 sí 13, bó bá máa di 18 sí 26 lójú ìwé, 600 ni kó o lò. Jù bẹ́ẹ̀ lọ, ara bébà lo máa bẹ̀rẹ̀ sí í rí, kì í ṣe ojú àwọn èèyàn. Ọ̀tọ̀ ni ti fíìmù: fíìmù mílímítà 35 kéré gan-an, fèrèsé rẹ̀ kò ju 24 sí 36 lọ, nítorí náà 2,400 sókè ni mo máa ń lò fún un.

TIFF, irú fáìlì tí kì í ju nǹkan nù bíi JPEG, ni kó o fi pa èyí àkọ́kọ́ mọ́, má fi JPEG ṣe é. JPEG máa ń pín àwòrán sí igun mẹ́rin kéékèèké, píksẹ́lì 8 sí 8, ó sì máa ń ju nǹkan nù nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ní gbogbo ìgbà tí o bá tún un pamọ́. Gé TIFF náà, tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe, yọ ìdọ̀tí kúrò, lẹ́yìn náà kí o wá ṣe JPEG kan láti ara rẹ̀ fún wẹ́ẹ̀bù.

Bó bá sì jẹ́ pé inú ìwé ìròyìn ni wọ́n ti gé e, o máa rí àwọn ìlà tó ń ṣe bíi pé wọ́n ń yí lójú. Tótó yíǹkì tí Atẹ̀wé ń sọ ló ń bá píksẹ́lì jà níbẹ̀. Descreen wà nínú ètò sikánà, maàkì í.

Akọ̀wé_Ẹgbẹ́

Ẹ ṣeun, Màmá. Mo ti rí sikánà, TIFF ti wà nílẹ̀.

Ẹni tó ya fọ́tò alága ti fi ojúlówó ránṣẹ́. 4032 × 3024! Inú mi dùn títí mo fi rí i pé ó wà níbùú, àwọn èèyàn tò láti ọ̀tún dé òsì. Ìwé wà lóòró. Mo gé e kó lè bá 216 sí 303 mu, ohun tó kù ni 2156 × 3024. Mo fi ínṣì 11.93 pín in, mo rí 253. Kì í ṣe 300. Ṣé ó ti bà jẹ́ nìyẹn? Àti pé ẹni mẹ́ta lọ́tùn-ún àti mẹ́ta lósì ti kúrò nínú fọ́tò. Akápò wà nínú wọn.

Atẹ̀wé_Àgbà

253 kò bà jẹ́. Mo máa tẹ̀ ẹ́, mi ò ní pè yín. Láti 200 sókè lórí bébà dídán, èèyàn ní láti gbé fọ́tò méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kó tó mọ̀ èyí tó jẹ́ 300, àfi bí lẹ́tà kéékèèké bá wà nínú rẹ̀.

Akápò ni mo ń rò. Ẹ má gé e. Ẹ jẹ́ kí fọ́tò dúró níbùú, kó gba ìlàjì òkè iwájú ìwé láti etí dé etí, kí ẹ fi àwọ̀ ẹgbẹ́ kún ìsàlẹ̀, kí orúkọ ìwé wà níbẹ̀. Ìbú mílímítà 216 jẹ́ ínṣì 8.5, 4032 máa fún yín ní 474. Ó ju ohun tí ẹ̀rọ nílò lọ, ẹ má dín in kù, ẹ̀rọ wa á ṣe ìyẹn fúnra rẹ̀.

Àwọ̀ ńkọ́: ẹ má fọwọ́ ara yín yí i sí CMYK, àwọ̀ yíǹkì mẹ́rin tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń lò, bí wọn ò bá fún yín ní profile tiwọn, ìyẹn fáìlì tó ń sọ bí ẹ̀rọ wọn ṣe ń gbé àwọ̀ jáde. Ẹ fi í sílẹ̀ ní sRGB, ètò àwọ̀ ojú fóònù àti kọ̀ǹpútà, ẹ jẹ́ kí wọ́n yí i. Kí alága mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé búlúù tó ń tàn yàà lójú fóònù rẹ̀ máa rọ̀ lórí bébà. Yíǹkì kì í tan iná. Ẹ béèrè fún ẹ̀dà àyẹ̀wò kan kí wọ́n tó tẹ gbogbo rẹ̀.

OjúLẹ́ǹsì

Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ sún un wá sí 100% lójú kọ̀ǹpútà, ẹ wo ojú àwọn tó wà lẹ́yìn. Mo ti rí fọ́tò mílíọ̀nù 12 tí ọwọ́ ayàwòrán gbọ̀n, tí gbogbo ojú ṣe bàìbàì. Nọ́ńbà pé, fọ́tò ò pé. Ti inú wẹ́ẹ̀bù, lẹ́yìn tí ẹ bá ti dín in kù tán ni kí ẹ tó fi sharpen (ohun tó ń mú kí etí nǹkan hàn kedere) díẹ̀ sí i, nítorí dídínkù máa ń mú kó rọ̀.

Akọ̀wé_Ẹgbẹ́

Alága ti gbà kó wà níbùú. Mo wò ó ní 100%, ẹnìkan ṣẹ́jú pa lẹ́yìn, ìyókù mọ́ gaara. Mo ti fi ránṣẹ́ sílé ìtẹ̀wé bó ṣe wà.

Ó ku ti wẹ́ẹ̀bù. Mo fi ohun tí Ahunwẹ́ẹ̀bù kọ han ẹni wa, ó ní kò burú, kí n fi 1600 ránṣẹ́. Ṣé ohun mìíràn wà tí mo ní láti ṣe sí i?

Ahunwẹ́ẹ̀bù

Ẹ fi ojúlówó pamọ́ sí fódà tirẹ̀, kí ẹ̀dà 1600 wà lọ́tọ̀, kí ẹ má baà gbé ọ̀kan lé èkejì mọ́lẹ̀. Ẹ yọ EXIF, àkọsílẹ̀ tí kámẹ́rà máa ń fi pamọ́ sínú fọ́tò, kúrò lára ẹ̀dà wẹ́ẹ̀bù. Fóònù lè ti kọ ibi tí wọ́n ti ya fọ́tò náà sínú rẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà ilé, gbogbo ayé ò nílò ìyẹn. Bí ẹ bá ní ṣíríìnṣọ́ọ̀tì tí ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀, ẹ fi PNG ṣe ìyẹn, JPEG máa ń fi èérí sí ẹ̀bá lẹ́tà. Àti àwòrán tí ẹ bá fẹ́ kó yọ nígbà tí ẹnìkan bá pín líǹkì yín fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, 1200 × 630 ni kí ẹ gé e sí. Tí ẹ bá gé fọ́tò alága sí ìyẹn, ibi orí ni kí ẹ máa wò, akápò á sì wà níbẹ̀.